Ta Ló Máa Tún Un Ṣe? Francis Kéré àti Ilé Amọ̀ Wa l'Ékìtì

Láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ọ̀rọ̀ tí bíríkìlà kan sọ fún mi ti ń jẹ mí lọ́kàn. A dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé bàbá tó bí bàbá mi, lábúlé wa l'Ékìtì, ilé amọ̀ àtijọ́ tí ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ ti wó, tí páànù orí rẹ̀ ti dípẹtà. Àwọn ẹbí ti ń fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́ lórí Wasáàpù pé ká wó o, pé ká tún un ṣe, mo wá ní kí n bi oníṣẹ́ fúnra ẹ̀ kí n lè mọ ohun tí màá bá wọn sọ. Mo ní tá a bá ní ká fi amọ̀ mọ ògiri yìí padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, èló ló máa gbà? Ọmọkùnrin náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, amọ̀ kẹ̀? Ṣé kí wọ́n lè fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ ni? Ẹ jẹ́ n fi búlọ́ọ̀kù bá yín gbé e, kò ní pẹ́ rárá."

Kò rí mi fín o. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́, òun ló kọ́ bí ìdajì àwọn ilé tuntun tó wà lójú ọ̀nà yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn ò kúrò létí mi, mo bá a sùn mo bá a jí, mi ò sì mọ ohun tó ń dùn mí nínú ẹ̀ gan-an.

Àsìkò yẹn náà ni mo ń kà nípa Francis Kéré lọ́wọ́, ọmọ Burkina Faso tó ń ya plánì ilé, ẹni tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn Pritzker, ẹ̀bùn tí wọ́n kà sí èyí tó ga jù lọ nínú iṣẹ́ ilé yíyà, lọ́dún 2022, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn náà. Ẹ̀yin náà á ti rí fọ́tò ẹ̀ nígbà yẹn, gbogbo ayé ló ń gbé e káàkiri, a bá a yọ̀, a sì bá tiwa lọ. Ohun tó dá mi dúró lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ẹ̀bùn. Ó dá mi dúró pé wọ́n ti bi òun náà ní irú ìbéèrè tí bíríkìlà yẹn bi mí, ní abúlé tí wọ́n bí i sí, àwọn èèyàn ẹ̀ gan-an ló bi í, ohun tó sì ṣe lẹ́yìn ìbéèrè yẹn ni mo ń rò títí dòní.

Kọ́bọ̀ ìdí aṣọ

Gando lorúkọ abúlé náà, ọdún 1965 ni wọ́n bí i síbẹ̀, bàbá rẹ̀ ló sì jẹ́ olórí abúlé. Kò sí ilé-ìwé kankan ní Gando nígbà yẹn, torí ẹ̀ ló fi kúrò lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ lọ́mọ ọdún méje, ó lọ sí Tenkodogo lọ kàwé. Kíláàsì tó bá níbẹ̀, àwọn ọmọ inú ẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún, búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi kọ́ ọ, ooru inú ẹ̀ ò ṣe é fẹnu sọ, ìmọ́lẹ̀ ò sì tó. Ibẹ̀ ló ti ń rò ó pé lọ́jọ́ kan òun máa kọ́ èyí tó sàn jù báyìí lọ.

Nínú gbogbo ohun tó máa ń sọ nípa ìgbà ọmọdé rẹ̀, ti àwọn ìyá abúlé ló wọ̀ mí lára jù. Tí ìsinmi bá parí tó fẹ́ padà síléèwé, dandan ni kó yà kí wọn láti ilé dé ilé, ìyá kọ̀ọ̀kan á wá tú ìdí aṣọ rẹ̀, á mú kọ́bọ̀ tó kù síbẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ó bi ìyá rẹ̀ pé kí ló dé tí gbogbo wọn fẹ́ràn òun tó báyìí, ìyá rẹ̀ sì là á yé e pé owó ìwé rẹ̀ ni wọ́n ń dá, kó lè padà wá tún ayé wọn ṣe tó bá yá.

Ọmọ Èkìtì wo ni mo fẹ́ ṣàlàyé èyí fún? Ṣebí bá a ṣe ṣe é náà nìyẹn. A ò ní epo rọ̀bì, a ò ní èbúté, ìwé la gbójú lé, àgbẹ̀ tí ò mọ a yàtọ̀ sí b ta kòkó ta iṣu kí ọmọ kan ṣoṣo lè wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, gbogbo mọ̀lẹ́bí sì fi ìyókù ara wọn gbé e dúró. Ìlú tó dá owó jọ kọ́ ilé-ìwé fúnra wọn ò lóǹkà lọ́dọ̀ wa. Ìyẹn ni wọ́n fi ń sọ pé kò sí agboolé l'Ékìtì tí ò ní ọ̀jọ̀gbọ́n, bí àsọdùn díẹ̀ bá tiẹ̀ wà nínú ẹ̀, kì í ṣe irọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wọ abúlé kan báyìí, kì í ṣe ìgbà Kérésì o, ẹ lọ ní oṣù kẹta tàbí oṣù kẹjọ. Ẹ máa rí àwọn ilé ńláńlá tí géètì wọn ga ju ilé àwọn aládùúgbò lọ, àgádágodo ń bẹ lẹ́nu ẹ̀, koríko ti hù láàárín íńtálọ́ọ̀kù. Ẹni tó ni ín wà l'Ékòó, tàbí Àbújá, tàbí Kánádà, ọmọ rere ni, ó sì ń ránṣẹ́ owó sílé. Mi ò fi bú ẹnì kankan, oníkálùkù ló mọ ohun tó là kọjá kó tó mú òkúta ìpìlẹ̀ sọlẹ̀. Mo kàn ń rò ó pé ìyá tó tú kọ́bọ̀ nídìí aṣọ lọ́jọ́ náà, kí ló bọ́ sí i lọ́wọ́ nínú ilé títì?

Káfíńtà ni wọ́n rán an lọ kọ́

Mo fẹ́ yà síbì kan kékeré. Nígbà tí Kéré lọ sí Jámánì lọ́dún 1985, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó rí gbà, iṣẹ́ káfíńtà ni. Ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe òrùlé àti àga lọ́sàn-án, ó ń lọ sí kíláàsì alẹ́ lálẹ́. Ọdún 1995 ló tó rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ mìíràn wọ yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Berlin, ó sì di 2004 kó tó gboyè. Ẹ ṣírò ẹ̀ dáadáa: ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì.

Lọ́dọ̀ tiwa, tí ọmọ bá pe ilé láti òkè òkun pé káfíńtà lòun ń kọ́, ààwẹ̀ ni wọ́n máa fi gbà á. A fẹ́ràn ìwé débi pé a ti gbàgbé pé ọwọ́ náà ń mọ̀wé. Èmi gbà pé ọdún tí ọkùnrin yìí fi di pákó mú ló jẹ́ kí gbogbo ìyókù ṣeé ṣe, torí ẹni tó ti gbé òrùlé ró rí máa ń mọ̀ pé ẹnì kan ló máa gun àkàbà, pé irin yìí wúwo ju ohun tí èèyàn méjì lè gbé. Plánì tó bá dára lórí pépà, tí ò sí ẹni tó lè ṣe é ládùúgbò, kí la fẹ́ fi ṣe?

"Amọ̀ kẹ̀?"

Lọ́dún 1998, nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Jámánì láti máa fi wá owó tí wọ́n máa fi kọ́ ilé-ìwé ní Gando. Ó ń tọrọ lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ ẹ̀, lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ àti ẹni tí ò mọ̀. Owó díẹ̀ wọlé. Ó gbéra ó di ilé, gbogbo abúlé pé jọ, inú wọn dùn, ọmọ àwọn ti dé láti ìlú òyìnbó, ó fẹ́ kọ́léèwé fún àwọn. Ó wá sọ fún wọn pé amọ̀ lòun máa fi kọ́ ọ.

Ẹ fojú inú wò ó bó bá jẹ́ abúlé yín ni. Àwọn bàbá jókòó sábẹ́ igi, àwọn ìyá tí kọ́bọ̀ wọn wà nínú ọ̀rọ̀ yìí náà wà níbẹ̀. Gbogbo ọdún yẹn ní Jámánì, amọ̀ ló kó bọ̀? Òyìnbó ń fi gíláàsì àti irin kọ́lé, tiwa wá di amọ̀? Ọ̀rọ̀ náà ò yé wọn rárá, wọ́n sì sọ fún un pé amọ̀ ò lè dúró de òjò.

Àwọn tó ń yin Kéré máa ń yára kọjá níbí yìí, wọ́n á ní àwọn ará abúlé ò mọ̀ ni, òun ló wá là wọ́n lójú. Mi ò gbà. Àwọn ará Gando mọ amọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Inú ẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Tí òjò bá ti rọ̀ tán lọ́dọọdún, àwọn ni wọ́n ń po amọ̀ tuntun láti fi dí ibi tó jẹ, àwọn ni ògiri wó lé ewúrẹ́ wọn. Ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀ ló mọ ibi tó ti ń ta á. Ìbéèrè wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, àárín àwọn àgbà tó ti rí i ló ti jáde.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń sọ, ẹ wá wo ògiri bàbá wa. Lẹ́yìn tí bíríkìlà lọ tán lọ́jọ́ náà, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Apá òkè ẹ̀ le gbagidi, mo fi kọ́kọ́rọ́ ha á, kò wọlé. Èèyàn ṣì lè rí ìlà tó wà láàárín ìpele kan sí èkejì, nítorí bí wọ́n ṣe ń mọ ilé nìyẹn, wọ́n á mọ ìpele kan, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó gbẹ kó le, kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e, ẹni tó bá kánjú, orí ẹ̀ ló máa wó lé. Ní ibì kan ìka ọwọ́ ẹni tó mọ ọ́n ṣì wà níbẹ̀, ìka mẹ́rin gbọọrọ tó fi nu ẹnu ìpele náà dọ́gba. Mo fi ìka tèmi sí i, ó ṣe déédéé. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀, níbi tí ògiri ti pàdé ilẹ̀, ó ti jẹ wọnú, ó ti rí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹ fọwọ́ kàn án ó ń dà sílẹ̀. Ọ̀gangan ibẹ̀ gẹ́lẹ́ ni omi etí páànù ń já sí nígbà òjò, tó ń ta padà sára ògiri. Òkè dúró, ẹsẹ̀ ni ò sí mọ́. Omi ló pa ògiri yẹn.

Mo bi àwọn àgbà ilé. Wọ́n ní ewé gbòdògì ni wọ́n fi bo ilé náà ní ìbẹ̀rẹ̀, pé òrùlé náà sọ̀ wálẹ̀ débi pé àgbàlagbà á tẹ̀ kó tó wọlé. Òjò ò rójú ògiri rárá. Páànù wá dé. Páànù ò jóná bí ewé, wọn ò ní máa pààrọ̀ ẹ̀ lọ́dún díẹ̀ díẹ̀, ọlá sì ni, àmọ́ owó gidi ni, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gé e kó ṣe déédéé etí ògiri, kò yọ síta ju ìbú ọwọ́ lọ. Lójú tèmi, ọjọ́ yẹn ni ilé náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ìyà ohun tí òrùlé ṣe ni wọ́n sì fi jẹ amọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni, kì í ṣe òṣì ló ń jẹ́ amọ̀ láyé ìgbà kan. Ilé ọba náà, amọ̀ ni. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì, tó kú lọ́dún 1938, tí gbogbo ayé ń pè ní ọ̀gá nínú àwọn agbẹ́gilére Yorùbá, irú ilé bẹ́ẹ̀ ló gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún, ní ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ sí ibi àfihàn ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1924, ó wù wọ́n débi tí wọ́n fẹ́ rà á, Ògògà ní òun ò tà, wọ́n bá fi àga ọba tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàṣípààrọ̀ ẹ̀, ilẹ̀kùn wa sì wà ní British Museum títí dòní. Mo máa ń ronú nípa pàṣípààrọ̀ yẹn. Kò sẹ́ni tó fipá gbà á. Ohun tó ti òkèèrè wá ló dán lójú wa nígbà náà, ó sì ṣì ń dán.

Òrùlé tó gbéra sókè

Kéré ò bá wọn jiyàn. Ó ṣàtúnṣe síbi tí ẹ̀sùn wọn wà. Ó bu amọ̀ ilẹ̀ wọn, ó fi sìmẹ́ńtì díẹ̀ sí i, wọ́n tẹ̀ ẹ́ di bíríìkì tí omi ò lè tètè yọ́. Kíláàsì mẹ́ta lórí ìlà kan, àlàfo tó ní ìbòrí wà láàárín wọn tí àwọn ọmọ lè jókòó sí lábẹ́ ìbòòji. Páànù tó lò kì í ṣe páànù ọ̀tọ̀, páànù tí gbogbo wa ń rà ni, àmọ́ kò jẹ́ kó jókòó sórí yàrá. Ó fi bíríìkì amọ̀ ṣe sílíìn, ó dá ihò sí i, ó wá fi irin gbé páànù sókè fíofío kúrò lórí sílíìn yẹn. Ooru tó bá gbóná nínú kíláàsì á gba ihò sílíìn jáde, afẹ́fẹ́ tó ń kọjá láàárín sílíìn àti páànù á gbá a lọ. Páànù ń gbóná lókè lọ́hùn-ún, àwọn ọmọ wà nísàlẹ̀ nínú ìtura, láìsí fáànù, láìsí iná mànàmáná. Etí páànù náà yọ síta gidi gan-an, òjò tó ń dá ògiri wó tẹ́lẹ̀ ò rí ògiri mọ́.

Ẹni tó bá ti jókòó sí kíláàsì ilé-ìwé ìjọba rí á mọ ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí. Láti aago méjìlá ọ̀sán, páànù tó wà lórí yín láìsí sílíìn á bẹ̀rẹ̀ sí í dún kàkà kàkà, òógùn á máa kán sórí ìwé, tíṣà fúnra ẹ̀ á ti jáde lọ sábẹ́ igi. Tí òjò bá wá dé, ariwo páànù ò ní jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbọ́ ohun tí ẹnì kejì ń sọ, gbogbo kíláàsì á gbórí lé tábìlì títí á fi dá. Owó ò ṣọ̀wọ́n tó bí a ṣe rò nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Owó tí wọ́n fi ra páànù yẹn náà ni. Ibi tí wọ́n gbé e sí ni ò dáa.

Ọdún 2001 ni ilé-ìwé náà parí, akẹ́kọ̀ọ́ ló ṣì jẹ́ nígbà yẹn, ìwé-ẹ̀rí ò tíì sí lọ́wọ́ ẹ̀. Ní 2004 wọ́n torí ilé-ìwé náà fún un ní ẹ̀bùn Aga Khan, ẹ̀bùn ńlá kan fún iṣẹ́ ilé kíkọ́. Àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 120, wọ́n sì ti di 700, ó ní láti tún fi ilé kún ilé. Nígbà tó kan ilé-ìkàwé, ó ní kí àwọn obìnrin kó ìkòkò amọ̀ tí wọ́n mọ wá, wọ́n gé orí àti ìdí wọn kúrò, wọ́n tò wọ́n kí wọ́n tó da kọnkéré òrùlé sáàárín wọn, ẹnu ìkòkò wá di ibi tí ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Mo rí fọ́tò ẹ̀, Ìsàn-Èkìtì ló wá sí mi lọ́kàn lójú ẹsẹ̀, níbi tí àwọn ìyá ti ń mọ ìkòkò láti ọjọ́ pípẹ́. Iṣẹ́ tí ìyá kan ti ń ṣe láti kékeré, tó mọ̀ ju àákítẹ́ẹ̀tì lọ, ló wọ inú ilé-ìkàwé ọmọ ẹ̀ yẹn.

Ta ló máa tún un ṣe?

Ibi tí mo ń bọ̀ látìgbà yìí rèé. Tẹ́ ẹ bá wo iṣẹ́ Kéré ní Gando dáadáa, ohun kan wà tó ń bi ara ẹ̀ kó tó fa ìlà kankan: ta ló máa ṣe é, ta ló sì máa tún un ṣe tí mo bá ti padà sí Berlin? Gbogbo ìyókù, amọ̀ o, páànù o, inú ìbéèrè yẹn ni wọ́n ti jáde.

Ẹ gba irin òrùlé yẹn bí àpẹẹrẹ. Kò sí kréènì ní Gando, kò sí bí wọ́n ṣe máa ti ọ̀nà jíjìn gbé irin ńlá wá. Rọ́ọ̀dù tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe kọnkéré, irú èyí tó wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù, ló ní kí wọ́n gé kí wọ́n jó pọ̀, ó sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́ abúlé bí wọ́n ṣe ń fi ayùn ọwọ́ gé e àti bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ wẹ́dà kékeré. Àwọn ọmọ ru òkúta ìpìlẹ̀, àwọn obìnrin pọn omi. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ ló tún ṣe àwọn ilé tó tẹ̀ lé e, wọ́n sì ń fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn jẹun. Tí ìjì bá ká irin kan kò ní abúlé yẹn, wọn ò ní kọ lẹ́tà sí ìjọba.

Ìgbà tí mo ro èyí dé ìdí ni mo tó mọ ohun tó ń dùn mí nínú ẹ̀rín bíríkìlà wa. Mo pè é lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ kan, a kí ara wa, mo bi í jẹ́jẹ́ pé, "Àbúrò, ṣó o ti fi amọ̀ mọ ògiri rí?" Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Rárá, ẹ̀gbọ́n. Bàbá tó bí bàbá mi ló mọ̀ ọ́n. Wọn ò kọ́ wa."

Ṣé ẹ rí i? Kò kẹ́gàn amọ̀. Mo ní kó ṣe ohun tí ò mọ̀ ọ́n ṣe ni, ẹ̀rín ló sì fi bò ó, bí ẹnikẹ́ni nínú wa ṣe máa ṣe. Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ gbogbo ilé tẹ́lẹ̀ ti bọ́ láàárín ìran méjì péré. Kò sẹ́ni tó kéde ẹ̀, kò sẹ́ni tó sunkún ẹ̀, ó kàn jẹ́ pé ẹni tó mọ̀ ọ́n ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì ń ra búlọ́ọ̀kù.

Bẹ́ẹ̀ ọ̀wẹ̀ la fi ń kọ́lé nígbà náà. Ẹni tó fẹ́ mọ ilé á bẹ ọ̀wẹ̀, ọ̀rẹ́ á wá, àna á kó àwọn èèyàn tiẹ̀ wá, àwọn kan á po amọ̀ fẹ́sẹ̀, àwọn kan á máa sọ ọ́ sókè fún ẹni tó wà lórí ògiri, obìnrin ilé á gúnyán, ẹmu á wà ńlẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n ibi ọ̀wẹ̀ yẹn náà ni ọmọdé ti ń wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kò sẹ́ni tó san owó ẹ̀kọ́ṣẹ́. Nígbà tí ọ̀wẹ̀ ti kúrò, kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ amọ̀ ló tì yẹn, a ò sì fi nǹkan kan rọ́pò ẹ̀. Ohun tí Kéré ṣe ní Gando, tí wọ́n fi ń pè é lọ sí gbogbo ayé, mo wò ó sókè sódò, ọ̀wẹ̀ ni. Ọ̀wẹ̀ tó ní plánì.

Òjò tiwa, ìjì tiwa

Mi ò sọ pé ká lọ da Gando kọ l'Ékìtì o. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni tiwọn, òjò tiwa pọ̀ ju tiwọn lọ, ó sì ń pẹ́ kó tó dá. Ìjì tiwa náà ò ṣeé fojú di, ọdún wo ni ìjì ò ká òrùlé ilé-ìwé kan lọ níbí? Òrùlé tó gbéra sókè tí etí ẹ̀ yọ síta, tí wọn ò bá so ó mọ́ ògiri dáadáa, ńṣe ni ìjì máa gbé e lọ sí oko ẹlòmíràn. Ẹni tó bá máa ṣe é ní láti fi irin so ó dé ìsàlẹ̀. Àmọ́ a ní ohun tí Gando ò ní. Òkúta yí wa ká, gbogbo ìlú wa ló jókòó sáàárín àpáta, kí wá ló dé tí ẹsẹ̀ ògiri amọ̀ fi ń kan ilẹ̀ tútù? Ẹ fi òkúta gbé ìpìlẹ̀ sókè dé orúnkún, kí amọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, omi tó ń ta sókè ò ní rí ohun tó máa jẹ.

A ò sì nílò ká dé Burkina Faso ká tó rí ẹni tó fi ilẹ̀ pupa ṣe iṣẹ́ gidi. Demas Nwoko, ọmọ Idumuje-Ugboko ní ìpínlẹ̀ Delta, ayàwòrán tó tún ń ya plánì ilé, po ilẹ̀ pupa mọ́ sìmẹ́ńtì fi ṣe búlọ́ọ̀kù tiẹ̀, ilé ìsìn àwọn Dominican, ẹgbẹ́ àlùfáà Kátólíìkì kan, tó kọ́ n'Íbàdàn ṣì dúró digbí, tẹ́ ẹ bá débẹ̀ lọ́sàn-án gangan ara yín á mọ̀ ọ́n. Ọdún 2023 ni wọ́n tó fún un ní ẹ̀bùn Kìnìún Oníwúrà níbi àfihàn ńlá iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní Venice, ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí ilé àti ọ̀nà, NBRRI, ní Ọ̀tà, náà ti ń ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ilẹ̀ pupa di búlọ́ọ̀kù. Ìmọ̀ náà wà ńlẹ̀. Kò tíì dé ọwọ́ ọmọkùnrin tó ń kọ́lé lójú ọ̀nà abúlé wa ni.

Ọ̀rọ̀ owó wà níbẹ̀ náà, ẹ má jẹ́ ká parọ́ fún ara wa. Amọ̀ ò fi dandan wọ́n ju búlọ́ọ̀kù tàbí pọ́ọ́kú jù ú lọ. Ilẹ̀ ni amọ̀, ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ ọwọ́ èèyàn ló ń jẹ, àwọn ọ̀dọ́ tó yẹ kó wà nídìí ọ̀wẹ̀ ti wọkọ̀ lọ s'Ékòó, ẹni tó kù sì ní kẹ́ ẹ san owó òun lójúmọ́, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń polówó amọ̀ fún tálákà pé ọ̀fẹ́ ni, tí òun fúnra ẹ̀ ń gbé inú búlọ́ọ̀kù, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ dáadáa.

Ní ti ilé bàbá wa, wọ́n ti gbà lórí Wasáàpù pé ká má wó o ná. Bàbá kan wà ládùúgbò tó ti fi amọ̀ mọ ilé nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ara ẹ̀ ò gbé iṣẹ́ mọ́ ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ ṣì ríran, wọ́n á gbé àga fún un, bíríkìlà wa á máa ṣe é, bàbá á máa sọ fún un. Àwa la máa san owó àwọn méjèèjì.

Èyí tó ṣì wà nílẹ̀ ni ti ilé-ìwé. Ẹgbẹ́ àwa tá a jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa fẹ́ pààrọ̀ òrùlé ilé kan tí kíláàsì mẹ́rin wà nínú ẹ̀, ìwé ìnáwó tí wọ́n gbé jáde, páànù aláwọ̀ ni, wọ́n tún fẹ́ kọ orúkọ ẹgbẹ́ sára ògiri. Mo ti kọ̀wé sí alága pé kí wọ́n jẹ́ ká dín owó àwọ̀ kù. Ká gbé páànù náà sókè kúrò lórí sílíìn, kí afẹ́fẹ́ rí àyè kọjá láàárín wọn, ká dá ihò sí sílíìn, ká jẹ́ kí etí ẹ̀ yọ dáadáa, ká fi irin so ó mọ́lẹ̀ nítorí ìjì, ká sì gba wẹ́dà àti káfíńtà ìlú náà síṣẹ́ dípò kọ́ńtírátọ̀ tó ń bọ̀ láti ìta, kí ọmọ iṣẹ́ méjì-méjì wà lọ́dọ̀ wọn títí iṣẹ́ á fi parí. Akọ̀wé ní àwọn máa fi sí àgéńdà ìpàdé oṣù tó ń bọ̀. Tẹ́ ẹ bá wà nínú ẹgbẹ́ náà tẹ́ ẹ sì ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá sípàdé o.